Bí àwòrán orí ìkànnì yín yóò ṣe yé Google, láti orúkọ fáìlì dé Search Console

Ẹ tẹ orúkọ ọjà yín sí Google, ẹ bọ́ sí apá Àwòrán, kí ẹ wò ó bóyá fọ́tò yín wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń ṣe èyí tí wọn kì í bá ohunkóhun. Ọjà wà lórí ìkànnì, fọ́tò mọ́ gaara, owó dátà ti bá a lọ, síbẹ̀ fọ́tò ẹlòmíràn ló ń jáde. Ohun tó sábà ń fà á ni pé àwòrán lásán ni wọ́n gbé síta, wọn kò fi ọ̀rọ̀ tì í lẹ́yìn. Google ní ẹ̀rọ tó ń wo inú àwòrán lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń wo ọ̀rọ̀ inú kóòdù àti ọ̀rọ̀ tó yí àwòrán ká kó tó mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó lè rí i pé aṣọ aláró ni. Pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, pé Ìbàdàndùn ni wọ́n yà sí i, pé yáàdì 5 ni, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni ìkànnì kan tó ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó ń ta gààrí, ẹni tó ń ránṣọ àti ẹni tó ń kọ ìròyìn, ìgbésẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa gbé. Níbi tí ẹ bá ti rí example.com, ẹ fi àdírẹ́sì ìkànnì tiyín rọ́pò rẹ̀.

## Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Fáìlì fọ́tò bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà tàbí fóònù. Èyí tó ti gba orí WhatsApp kọjá kò dára tó, torí WhatsApp ti fún un kéré, ó sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ WhatsApp ni ayàwòrán máa fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bíi Document, kó má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò.
- Àṣẹ láti wọ ẹ̀yìn ìkànnì náà, ì báà jẹ́ WordPress, Shopify tàbí ibi tí fáìlì HTML (kóòdù tí wọ́n fi kọ ojú ìwé) wà gan-an.
- Google Search Console, irinṣẹ́ tó ń fi han onílé ìkànnì bí Google ṣe ń rí ìkànnì rẹ̀, tí ẹ ti fi ìkànnì yín sí, tí Google sì ti rí ẹ̀rí pé tiyín ni. Ọ̀fẹ́ ni.
- squoosh.app, tó ń dín ìwọ̀n fọ́tò kù, tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú aṣàwákiri. Orí ẹ̀rọ yín ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kì í gbé fọ́tò yín lọ síbì kankan.
- Kíbọọ̀dù tó lè kọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Gboard ní ti Yorùbá.
- Ìwé tàbí Excel tó ní òpó mẹ́rin: orúkọ àtijọ́, orúkọ tuntun, ọ̀rọ̀ alt (ọ̀rọ̀ inú kóòdù tó ń sọ ohun tó wà nínú fọ́tò), ọjọ́ tí ẹ tún un ṣe.

Kọ̀ǹpútà ló rọrùn jù fún àwọn àyẹ̀wò. Fóònù tó fún ìyókù.

## Ìpele 1: Ṣé Google lè dé ibi tí àwòrán wà?

Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀nà bá dí níbí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ṣe yín láǹfààní.

Ẹ ṣí ojú ìwé ọjà kan lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ fọ́tò náà. Tí ẹ bá rí "Open image in new tab", inú `<img>`, àmì HTML tó ń gbé àwòrán, ló wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kó wà. Tí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú CSS (kóòdù tó ń ṣètò ìrísí ojú ìwé) ni wọ́n fi í sí, gẹ́gẹ́ bíi background-image. Google kì í fi àwòrán inú CSS sínú àkójọ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n sábà fi ń ṣe àwòrán gbàgbà tó ń yí lókè ojú ìwé, èyí ló sì fà á tí fọ́tò tó dára jù lórí ìkànnì fi máa ń jẹ́ èyí tí Google kò mọ̀ rárá. Àwòrán ọ̀ṣọ́ lè wà níbẹ̀. Fọ́tò ọjà kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí example.com/robots.txt, fáìlì tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ ìwákiri lè dé lórí ìkànnì yín. Tí ẹ bá bá èyí níbẹ̀:

```
User-agent: Googlebot-Image
Disallow: /
```

tàbí ìlà tó sọ pé `Disallow: /wp-content/uploads/`, ìkànnì yín gan-an ló ń lé Google sẹ́yìn. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ìkànnì lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò rántí yọ kúrò. Ẹ yọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni àwòrán tó ń dúró kí ènìyàn yí ojú ìwé wá sísàlẹ̀ kó tó jáde. `loading="lazy"` tó wà nínú HTML kò níṣòro. Ìṣòro wà lọ́dọ̀ JavaScript tó ń fi àdírẹ́sì fọ́tò sí `data-src`, tó wá fi `src`, ibi tí àdírẹ́sì fọ́tò yẹ kó wà, sílẹ̀ lófìfo. Googlebot, ẹ̀rọ Google tó ń ka ìkànnì, kì í yí ojú ìwé bí ènìyàn, kì í sì í tẹ bọ́tìnnì "Wo sí i". Fọ́tò tó bá fara pa mọ́ sẹ́yìn méjèèjì yìí lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé.

Àyẹ̀wò: nínú Search Console, ẹ lẹ àdírẹ́sì ojú ìwé náà mọ́ àpótí tó wà lókè, ẹ tẹ Test live URL, lẹ́yìn náà View tested page. Ẹ wá `<img` nínú HTML tó gbé jáde. Àdírẹ́sì fọ́tò ọjà gbọdọ̀ wà nínú `src`. Tó bá jẹ́ inú `data-src` nìkan ló wà, ẹ má tíì lọ sí ìpele kejì.

## Ìpele 2: Orúkọ fáìlì

Fọ́tò tó ti WhatsApp wá máa ń jẹ́ nǹkan bíi `IMG-20240312-WA0007.jpg`. Orúkọ yẹn sọ ọjọ́, ó sọ nọ́ńbà, kò sọ ohun tó wà nínú fọ́tò. Ẹ yí i padà kí ẹ tó gbé e sórí ìkànnì:

`adire-eleko-ibadandun-yaadi-5.webp`

Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ lò. Àmì ìdè kékeré (-) ni kí ẹ fi pín ọ̀rọ̀, kì í ṣe ìlà ìsàlẹ̀ (_). Ẹ má fi àlàfo sílẹ̀, torí %20 ni àlàfo máa ń dà nínú àdírẹ́sì. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún tó.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí àmì kankan lórí orúkọ yẹn. Ibí yìí ni àwa tó ń kọ Yorùbá ti máa ń ṣubú ju àwọn yòókù lọ, ẹ jẹ́ ká tú u wò dáadáa. Tí ẹ bá sọ fáìlì ní `aṣọ.jpg`, ohun tó máa wà nínú àdírẹ́sì rẹ̀ ni `a%E1%B9%A3%E1%BB%8D.jpg`. Ẹni tó bá fẹ́ fi líǹkì yẹn ránṣẹ́ yóò rò pé ó ti bàjẹ́. Èyí tó le jù ni ti lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, bíi ẹ́ tàbí ọ̀. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún un nínú Unicode, àkójọ kóòdù lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Méjì tàbí mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Ó lè mú ẹ kó fi àmì òkè sí i. Ó lè mú é kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ó sì lè mú e lásán kó fi méjèèjì sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú sáfà Linux (kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì), orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ lè sọ fáìlì lórúkọ lórí kọ̀ǹpútà kan, kí ẹ fi kíbọọ̀dù mìíràn kọ líǹkì rẹ̀, kí gbogbo lẹ́tà bára mu lójú yín, kí sáfà sì ní òun kò rí i, 404. Ẹ ó wá ìdí rẹ̀ títí láìrí i.

Nítorí náà, orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ní àmì. Ọ̀rọ̀ inú alt, àkọlé àti àlàyé ọjà ló gbọdọ̀ ní àmì pé pérépéré. Ó ní àǹfààní mìíràn: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í tẹ àmì tí wọ́n bá ń wá nǹkan, "adire eleko" ni wọ́n ń tẹ̀, orúkọ fáìlì àti àdírẹ́sì ojú ìwé yín á sì ti gbé irú àkọsílẹ̀ yẹn láìjẹ́ pé ẹ ba Yorùbá inú ọ̀rọ̀ yín jẹ́.

Pàkúté mẹ́ta ló wà níbí:

1. Nínú WordPress, tí ẹ bá yí Title padà nínú Media Library, orúkọ fáìlì kò yí padà. Orúkọ gbọdọ̀ ti dára kí ẹ tó gbé fáìlì sókè.
2. iPhone máa ń ya fọ́tò sí HEIC, èyí tí ọ̀pọ̀ aṣàwákiri kì í ṣí, tí kò sì sí lára irú fáìlì tí Google ń gbà. Tí ẹ bá kàn pa .heic rẹ́ tí ẹ kọ .jpg, HEIC ló ṣì jẹ́. Ẹ lọ sí Settings, Camera, Formats, kí ẹ mú Most Compatible.
3. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ fọ́tò àtijọ́ tí Google ti mọ̀ padà kìkì nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò wuyì. Ìtọ́ka kékeré ni orúkọ fáìlì ń fún Google, kì í sì í padà wá wo àwòrán léraléra tó bí ó ṣe ń padà wá wo ojú ìwé. Tó bá di dandan, ẹ fi 301 (ìdarí tó wà títí) darí àdírẹ́sì àtijọ́ sí tuntun.

Àyẹ̀wò: ẹ da àdírẹ́sì fọ́tò nìkan kọ, ẹ ṣí i nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ aṣàwákiri. Ó gbọdọ̀ ṣí láìbéèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, kó má sì sí àmì % kankan nínú rẹ̀.

## Ìpele 3: Ìwọ̀n

Fọ́tò fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ megapixel 12 máa ń tóbi tó 4032 × 3024, ó sì lè wúwo ju MB 3 lọ. Fọ́tò mẹ́fà bẹ́ẹ̀ lórí ojú ìwé kan, oníbàárà tó wà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kò lágbára yóò ti padà sẹ́yìn.

Ẹ fa fọ́tò náà sínú Squoosh. Ẹ mú Resize, ẹ kọ 1600 sí Width fún fọ́tò ọjà tí oníbàárà máa fẹ́ fẹ̀ wò, 1200 fún fọ́tò inú ọ̀rọ̀, 400 fún fọ́tò kékeré inú àtòjọ ọjà. Ẹ mú WebP, irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́, kí Quality wà láàárín 75 sí 80. Ẹ gbìyànjú kí fọ́tò ńlá má ju KB 200 lọ, kí kékeré má ju KB 40 lọ.

Ẹ má tíì tẹ bọ́tìnnì ìgbàsílẹ̀. Ẹ fẹ fọ́tò sí 100%, kí ẹ fa ìlà àárín sọ́tùn-ún sósì. Àdìrẹ ní wàhálà tirẹ̀: ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀kọ fi sílẹ̀ lórí aró dúdú ni WebP máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, torí pé ó ń fún àwọ̀ ní àyè tó kéré sí èyí tó ń fún ìmọ́lẹ̀. Etí ìlà á rú, aró á sì di bíi àpótí kéékèèké. Tí ẹ bá rí èyí, ẹ ṣí Advanced settings, ẹ fa àmì sí sharp RGB/YUV, kí ẹ gbé Quality dé 85. KB díẹ̀ tó máa fi kún un kò ju ohun tó tọ́ lọ, nítorí ìlà yẹn ni oníbàárà fi ń mọ iṣẹ́ ọwọ́.

JPEG ṣì dára fún fọ́tò. PNG tàbí SVG ni kí ẹ lò fún lógò. Google ń gba AVIF, irú fáìlì fọ́tò mìíràn, láti ọdún 2024.

Fọ́tò tí ẹ yà nílé lè gbé ibi tí ilé yín wà lórí máàpù sínú rẹ̀. Squoosh kì í gbé irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì tuntun. Kò ní gbé orúkọ ayàwòrán àti ẹ̀tọ́ onínǹkan náà lọ, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú fọ́tò tẹ́lẹ̀. Ẹ ó fi ìyẹn sí ibòmíràn ní ìpele 7.

Pàkúté tó wà níbí ni àṣejù. Ẹni tó bá dín gbogbo fọ́tò kù sí 600 kí ìkànnì lè yára ti pàdánù Google Discover (ohun tí Google ń fi han ènìyàn lórí fóònù láìjẹ́ pé ó wá a), torí pé fọ́tò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 1200 ló dára fún un, pẹ̀lú ìlà yìí nínú orí ojú ìwé:

```
<meta name="robots" content="max-image-preview:large">
```

Àyẹ̀wò: ẹ fi ojú ìwé náà sí PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google tó ń wọn ìyára ojú ìwé, ẹ wo apá Mobile. LCP, ìyẹn àkókò tí ohun tó tóbi jù lójú ìwé fi jáde, gbọdọ̀ wà ní ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 tàbí kó dín sí i.

## Ìpele 4: Ọ̀rọ̀ alt

Tí ó bá jẹ́ ìpele kan ṣoṣo lẹ ráyè ṣe, ẹ ṣe èyí. Alt ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù tí ẹ lè so mọ́ àwòrán fún Google. Òun náà ni ẹ̀rọ ń kà sétí ẹni tí kò ríran, tó fẹ́ rajà lọ́wọ́ yín gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù. Ẹ kọ ọ́ fún ẹni yẹn, ẹ ó sì ti kọ ọ́ fún Google.

Ọ̀nà tí ẹ fi máa kọ ọ́ rèé: ká ní oníbàárà pè yín lórí fóònù, tí kò rí fọ́tò, tó ní "Kí ló wà níbẹ̀?" Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi dá a lóhùn ni alt.

Ẹ wo mẹ́rin yìí:

- `alt="IMG-20240312-WA0007"`: kò sọ nǹkan kan.
- `alt="adire"`: òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo fọ́tò orí ìkànnì náà ló lè jẹ́ ẹ.
- `alt="adire abeokuta adire original adire olowo pooku ra adire adire lagos"`: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kàn rọ́ kalẹ̀. Google lè kà á sí jìbìtì, ẹ̀rọ á sì kà á sí ẹni tí kò ríran létí bẹ́ẹ̀ láìku ọ̀rọ̀ kan.
- `alt="Àdìrẹ ẹlẹ́kọ aláró, yáàdì 5, bátànì Ìbàdàndùn pẹ̀lú òpó Gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí"`: èyí ló dára.

Fọ́tò mẹ́ta ọjà kan náà kò gbọdọ̀ jẹ́ alt kan náà. Èyí tó fi gbogbo aṣọ hàn ni òkè yẹn. Èyí tí wọ́n yà ní ìsúnmọ́ lè jẹ́ "Òpó Mápó tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà sára àdìrẹ, ìlà funfun lórí aró dúdú". Èyí tí ènìyàn wọ̀ lè jẹ́ "Obìnrin tó ró àdìrẹ Ìbàdàndùn, tó wé gèlè funfun".

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àwòrán ti". Ẹ̀rọ ti sọ pé àwòrán ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èdè tí ojú ìwé bá jẹ́ ni kí alt jẹ́, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá nítorí pé ẹ rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni Google gbọ́. Ẹ fi `lang="yo"` sí `<html>`. Ọ̀rọ̀ tó hàn lójú ìwé ni Google fi ń mọ èdè, kì í wo àmì yẹn, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè nílò rẹ̀ kó lè mọ ohùn tó máa lò. Àwòrán ọ̀ṣọ́ lásán, bí ìlà tàbí òdòdó ìgun ojú ìwé, `alt=""` ni kó ní. Ẹ má pa alt rẹ̀ rẹ́ pátápátá o, ẹ kàn fi í sílẹ̀ lófìfo. Tí àwòrán bá jẹ́ líǹkì, alt rẹ̀ ló dúró fún ọ̀rọ̀ líǹkì, nítorí náà kó sọ ibi tí líǹkì náà ń lọ.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká sọ láìfi bò: alt gbọdọ̀ jẹ́ òótọ́. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilé iṣẹ́ pọ̀ lọ́jà báyìí tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ. Tó bá jẹ́ òun lẹ̀ ń tà, ẹ pè é ní aṣọ títẹ̀. Ẹni tó bá tẹ "àdìrẹ ẹlẹ́kọ" tó wá bá aṣọ ẹ̀rọ yóò padà jáde lójú ẹsẹ̀, alágbàṣe tó fi ọwọ́ ya ẹ̀kọ sáṣọ ló sì jẹ̀bi ohun tí kò ṣe.

Bí ó ṣe máa rí nínú kóòdù:

```
<img src="/aworan/adire-eleko-ibadandun-yaadi-5.webp"
     alt="Àdìrẹ ẹlẹ́kọ aláró, yáàdì 5, bátànì Ìbàdàndùn pẹ̀lú òpó Gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí"
     width="1600" height="1200">
```

Tí ẹ bá ń fi ọwọ́ kọ kóòdù, ẹ ṣọ́ra fún àmì àyọlò. Tí ẹ bá fi `'` yí alt ká, tí ẹ wá kọ "n'ílé" sínú rẹ̀, alt ti parí síbi n nìyẹn. Nínú WordPress, ẹ rántí pé alt tí ẹ bá tún ṣe nínú Media Library kì í dé inú ojú ìwé tí ẹ ti fi fọ́tò náà sí tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí ojú ìwé náà, ẹ tẹ fọ́tò, ẹ tún un kọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti fi odidi ọ̀sẹ̀ tún Media Library ṣe tí nǹkan kan kò sì yí padà lójú ìwé.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣí ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ bọ́ sí Console, ẹ kọ èyí:

```
document.querySelectorAll('img:not([alt])').length
```

0 ló gbọdọ̀ dáhùn. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iye àwòrán tí kò ní alt rárá nìyẹn.

## Ìpele 5: Ọ̀rọ̀ tó yí àwòrán ká

Google máa ń ka àkọlé ojú ìwé, ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ àwòrán àti àkọsílẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa rẹ̀, kí ẹ kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú `<figcaption>`. Ojú ìwé kan fún ọjà kan dára ju ojú ìwé kan tí fọ́tò 60 tò sí láìsí ọ̀rọ̀.

Fáláyà, ìyẹn àwòrán ìpolówó, ni ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù. Iye owó, ìwọ̀n, nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ wà nínú àwòrán kan tí wọ́n ṣe fún status WhatsApp, òun náà ni wọ́n gbé sórí ìkànnì. Ẹ lè fi fáláyà síbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbọdọ̀ wà lójú ìwé bí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè da kọ.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ Ctrl+F lójú ìwé, ẹ wá iye owó ọjà náà. Tí kò bá rí i, inú àwòrán ló wà.

## Ìpele 6: Fóònù kékeré, kọ̀ǹpútà ńlá

Ẹ ṣe fọ́tò kan náà ní ìwọ̀n mélòó kan, kí fóònù gba kékeré, kí kọ̀ǹpútà gba ńlá. WordPress ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń kọ HTML fúnra rẹ̀, àpẹẹrẹ rèé:

```
<img src="/aworan/adire-eleko-800.webp"
     srcset="/aworan/adire-eleko-400.webp 400w,
             /aworan/adire-eleko-800.webp 800w,
             /aworan/adire-eleko-1600.webp 1600w"
     sizes="(max-width: 600px) 100vw, 800px"
     alt="…" width="800" height="600" fetchpriority="high">
```

`src` kò gbọdọ̀ sọnù kódà tí `srcset`, àtòjọ àwọn ìwọ̀n náà, bá wà. `width` àti `height` ló ń jẹ́ kí aṣàwákiri pa àyè mọ́ kí fọ́tò tó dé; láìsí wọn, ọ̀rọ̀ á máa fò sókè sódò bí fọ́tò ṣe ń jáde. Fọ́tò àkọ́kọ́ tó tóbi jù lójú ìwé ni kó ní `fetchpriority="high"`, òun nìkan ni kò sì gbọdọ̀ ní `loading="lazy"`. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè ní in.

Àyẹ̀wò: nínú PageSpeed Insights, CLS, ìyẹn ìwọ̀n bí ohun ojú ìwé ṣe ń fò kúrò ní àyè rẹ̀, gbọdọ̀ jẹ́ 0.1 tàbí kó dín sí i.

## Ìpele 7: Kóòdù tó ń sọ fún Google pé ọjà ni

JSON-LD, kóòdù tó ń ṣàlàyé ojú ìwé fún ẹ̀rọ ìwákiri, ni kí ẹ lò, nínú ojú ìwé ọjà náà gan-an:

```
<script type="application/ld+json">
{
  "@context": "https://schema.org/",
  "@type": "Product",
  "name": "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn, yáàdì 5",
  "image": ["https://example.com/aworan/adire-eleko-ibadandun-yaadi-5.webp"],
  "offers": {
    "@type": "Offer",
    "price": "45000",
    "priceCurrency": "NGN",
    "availability": "https://schema.org/InStock"
  }
}
</script>
```

Àdírẹ́sì fọ́tò gbọdọ̀ pé láti https. Iye owó kò gbọdọ̀ ní kọ́mà tàbí ₦. Tí ẹ bá da kóòdù kọ láti inú Word tàbí WhatsApp, ó lè yí àmì `"` padà sí èyí tó tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì kú. Ẹ fi Notepad ṣe é. Fọ́tò tó wà nínú kóòdù gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó hàn lójú ìwé, pẹ̀lú àdírẹ́sì kan náà. Tí ẹ bá ń lo fọ́tò kan lójú ìwé mẹ́ta, àdírẹ́sì kan ni kí ẹ lò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó ya fọ́tò fúnra rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń jí i lò, lè fi `ImageObject` kún un pẹ̀lú `creator`, `creditText`, `copyrightNotice` àti `license`. Kò ní dá olè dúró, ṣùgbọ́n Google lè fi orúkọ yín hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò.

Sitemap, àtòjọ àwọn ojú ìwé àti àwòrán ìkànnì yín fún Google, ló kàn. Yoast SEO, àfikún WordPress, ń fi àwòrán sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó ṣe rí rèé fún ẹni tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́:

```
<?xml version="1.0" encoding="UTF-8"?>
<urlset xmlns="http://www.sitemaps.org/schemas/sitemap/0.9"
        xmlns:image="http://www.google.com/schemas/sitemap-image/1.1">
  <url>
    <loc>https://example.com/adire-eleko-ibadandun</loc>
    <image:image>
      <image:loc>https://example.com/aworan/adire-eleko-ibadandun-yaadi-5.webp</image:loc>
    </image:image>
  </url>
</urlset>
```

Àwòrán 1,000 ni `<url>` kan lè gbà. Ẹ má wulẹ̀ fi `image:caption` tàbí `image:title` sí i bí àwọn ìtọ́sọ́nà àtijọ́ ṣe ń sọ. Google ti pa wọ́n tì láti ọdún 2022.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ojú ìwé sí Rich Results Test, irinṣẹ́ Google tó ń yẹ irú kóòdù yìí wò, kò gbọdọ̀ ní àṣìṣe pupa. Ẹ fi sitemap sílẹ̀ nínú Search Console, kó sì sọ Success.

## Ìpele 8: Ṣé ó ti dé Google?

Ẹ tẹ Request Indexing fún ojú ìwé tí ẹ tún ṣe. Àwòrán lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sí apá Àwòrán lórí Google, ẹ tẹ `site:example.com adire`. Nínú Search Console, ẹ ṣí Performance, ẹ yí Search type sí Image: ibẹ̀ lẹ ó ti rí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí fọ́tò yín tó jáde, àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ fi ọjọ́ 28 tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ kọ sínú òpó kẹrin wé ọjọ́ 28 tó tẹ̀lé e.

Tí fọ́tò kan kò bá tíì jáde, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ìwé tó gbé e nínú URL Inspection. Tó bá sọ pé "URL is not on Google", ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ ná kí ẹ tún ojú ìwé ṣe, torí pé àwòrán kì í wọlé láìsí ojú ìwé tó gbé e. Tí ojú ìwé bá ti wà níbẹ̀, ẹ padà sí robots.txt, lẹ́yìn náà `src`, lẹ́yìn náà alt. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, tó sì jẹ́ pé fọ́tò tí ilé iṣẹ́ tàbí alájàpá fún gbogbo olùtajà ni, Google ti ní irú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ tẹ́ aṣọ náà síta ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ẹ fi fóònù yín ya tiyín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 2.